Ohùn Elspa Nínú Kàtúùnù Àgbò

Mi ò kì í fi àwòrán ara páálí ra kásẹ́ẹ̀tì fíìmù mọ́. Tẹ́lẹ̀, èmi àti Elspa kì í pa Sátidé kan jẹ. A ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ilé epo tó wà lẹ́bàá èbúté, a ó ra èyí tí páálí rẹ̀ bá rẹwà jù, èyí tí ọkọ̀ ojú omi ti ń jóná tàbí tí ẹranko abàmì ń yọ iná lẹ́nu. Tí a bá délé, ọkùnrin méjì ni a ó rí tí wọ́n ń rìn nínú igbó títí fíìmù fi máa tán. A ó bú ẹni tó ṣe é, a ó rẹ́rìn-ín, Sátidé tó ń bọ̀ a ó tún rà á.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni Elspa máa ń dúró sí ní ilé iṣẹ́ ẹja, tí a jọ ń la ẹja. Obìnrin kúkurú ni, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì lè hun súwẹ́tà láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Opó ni. Rannvá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nílé ọkọ ní Denmark, ó sì ti bí Signe níbẹ̀. Ọmọ náà ò gbọ́ èdè wa, èdè Faroe. Tí Elspa bá pè é lórí fóònù, á sọ̀rọ̀ títí, Signe á kàn máa mí. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò ju èyí lọ: kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbọ́ èdè ilé kí òun tó kú. Ṣùgbọ́n èdè Denmark ni gbogbo kàtúùnù tó ń wọ Erékùṣù Faroe ń sọ. Àwọn ọmọ tiwa gan-an, tí wọ́n bá ń bá bèbí ṣeré, èdè Denmark ni wọ́n ń bá a sọ.

Ìgbà náà ni Hanus dé láti Tórshavn, olú ìlú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní òun fẹ́ ṣe kàtúùnù lédè wa, àti pé orin àtijọ́ wa kan, orin àgbò, lòun fẹ́ lò. Elspa ló máa ń lé orin náà tí a bá so ọwọ́ pọ̀ jó nínú gbọ̀ngàn, tí à ń fẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀. Ó dá lórí àgbò kan tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé lọ jẹko ní erékùṣù kékeré. Nígbà tí òtútù dé, ó kọ̀, kò wọ ọkọ̀ padà, ẹni tó ni ín ò sì lè fi í sílẹ̀. Orin náà gùn. Àwa kì í sì í gé orin: bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ ì báà wú.

"Màmá, orin yìí mà gùn o," Hanus sọ. "Ṣé a ò lè gé e díẹ̀?"

"Ọmọ ta ni ẹ́ gan-an?" Elspa bi í. "Tí mo bá gé e, ibo ni kí n ti já àgbò sílẹ̀? Àárín òkun?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ kọ ọ́ tán. Mi ò ní yọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀."

Ó jẹ ẹran àgùntàn gbígbẹ Elspa lé ìlérí yẹn, ó sì tún gba ti ọ̀nà dání. Ọjọ́ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wa la fẹsẹ̀ lu pákó lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí àgbò ti ń wo ọkọ̀ tó ń lọ, omi lé sójú Elspa.

Nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì dé. Páálí rẹ̀! Àgbò oníwo ńlá dúró lórí àpáta, ìgbì òkun ń hó nísàlẹ̀, orúkọ Elspa sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Elspa ra méjì, kò sì dúró wo ọ̀kan kó tó fi ìkejì ránṣẹ́ sí Signe. Èmi náà ni mo bá a dì í. Àwa tí páálí ń tàn jẹ ní gbogbo Sátidé, a tún gba páálí gbọ́, nítorí pé orúkọ ẹni wa ló wà lára rẹ̀.

Ilé mi la ti wò ó. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n pè ní àgbò. Àwòrán olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ òkèèrè ni, wọ́n kàn lẹ ìwo mọ́ ọn lórí, ó sì ń rìn kiri lábẹ́ igi àgbọn. Ọ̀rọ̀ á tán, ẹnu rẹ̀ á ṣì máa ṣí. A rẹ́rìn-ín, Elspa pàápàá rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, Hanus ò yọ ọ̀rọ̀ kan. Fíìmù rẹ̀ ló kúrú, ló bá mú ohùn náà sáré kó lè bá a mu. Ohùn tó ń dún bí ààrá nínú gbọ̀ngàn wá ń han bí èkúté tó kó sí pańpẹ́. Ká tó bó ọ̀dùnkún kan tán, orin ti parí. Elspa gbé súwẹ́tà tó ń hun sílẹ̀.

Ó pe Hanus lórí fóònù. "Kí lo fi ohùn mi ṣe?"

"Màmá, gbogbo ọ̀rọ̀ yín ló wà níbẹ̀. Ẹ kà á wò. Ọmọdé ò mọ ìyàtọ̀, ó sì ń tà."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Inú mi ò tíì rọ̀ sí Hanus dòní.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Signe wá. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ló sáré lọ dì mọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin àgbò. Ó mọ gbogbo rẹ̀ pátá, lédè wa, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ohùn èkúté yẹn ló fi ń kọ ọ́.

Elspa di ọwọ́ ọmọ náà mú bí a ṣe ń ṣe nínú gbọ̀ngàn, ó sì bá a kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Signe fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Ìyá àgbà, kì í ṣe báyẹn," ó sọ lédè Denmark. "Ẹ kọ ọ́ dáadáa, bí àgbò ṣe ń kọ ọ́."

Elspa wò mí. Mo gbójú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó fún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pọ̀, tó sì ń han bí èkúté. Inú Signe dùn, ó na ọwọ́ rẹ̀ padà sí i. Wọ́n kọ orin náà tán níbẹ̀ lórí èbúté, wọn ò gé e, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Èmi tí mo máa ń lu ilẹ̀ lẹ́yìn Elspa, mi ò lè gbé ẹsẹ̀ mi.