Ọpẹ́ Tí A Dá Ṣáájú Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́

Ẹni tí kò bá tíì gun kẹ̀kẹ́ wọ ọjà Agbogbloshie ní òwúrọ̀, kó má sọ pé òun mọ ìbẹ̀rù. Gọ́tà wà lápá kan, ọkọ̀ ńlá tó ru iṣu láti òkè wá wà lápá kejì. Àárín méjèèjì ni àbúrò mi ọkùnrin máa ń gbà, páálí ọṣẹ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi ni mò ń ta ọṣẹ ní Kotobabi, òun ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ọmọ nìyẹn. Trotro kan, ọkọ̀ akérò wa níbí, ti gbá a sínú gọ́tà rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, àmọ́ kò tọ́ mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi bú sẹ́kún ayọ̀ lọ́jọ́ tí aṣojú àdúgbò wa kéde pé ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀, pé wọn yóò la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ nìkan, wọn yóò sì mọ bèbè sí i kí ọkọ̀ má baà wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí ènìyàn bá ṣèlérí oore fún wa, a kì í dúró kí oore ọ̀hún dé ká tó dúpẹ́. A kó ara wa jọ láti Sabon Zongo àti Kotobabi, a fa àgbò lọ sí ọ́fíìsì aṣojú. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fi fóònù ya wá ní fọ́tò, a tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i.

Aṣojú rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀yin Alátà! Ẹ mọ ọpẹ́ dá ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ!" Alátà ni wọ́n ń pe àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire nílẹ̀ yìí.

Òjò rọ̀, òjò dá. Ọ̀dà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn onítòmátì tẹ́ ọjà lé e, trotro ń dúró lórí rẹ̀ kó èrò.

A padà lọ. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà na fóònù sí wa, àwa rèé nínú fọ́tò lórí ìkúnlẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí? Ẹ ti dúpẹ́ iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá rí i, wọ́n ní ó ti parí. Owó tó kù ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìlérí la dúpẹ́ rẹ̀ o!"

"Màmá, ta ló ń dúpẹ́ oúnjẹ tí kò tíì jẹ?"

A bẹ̀bẹ̀ títí ó fi pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àbúrò mi ti ń di páálí mọ́ kẹ̀kẹ́. Mo di ìjókòó rẹ̀ mú.

"Má lọ lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò gbé e? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ò lè gun kẹ̀kẹ́? Ẹ fi í sílẹ̀, oòrùn ń mú."

Ó rọra tú ọwọ́ mi kúrò, ó gun kẹ̀kẹ́. Mo sá tẹ̀ lé e dé títì ńlá, mò ń ké mọ́ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n yà fún un. Kò sẹ́ni tó yà.