Ère Tó Kúrò Lókè Kántà

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ní ọjà Deira yìí, nílẹ̀ Lárúbáwá, kò sẹ́ni tó mọ ẹrù dì bí èmi. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń rajà lọ sí Èkó. Ojú lásán ni mo fi ń mọ oníjìbìtì.

Fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà kan tó ń ta aṣọ ni ẹrù àwọn oníbàárà mi máa ń wà kí ọkọ̀ tó kó o. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Láràárọ̀, á fi òdòdó àti tùràrí kí ère kékeré kan lókè kántà kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ère ò sí mọ́.

Àyà mi já. Nílùú tiwa, ẹni tó bá gbé òrìṣà bàbá rẹ̀ kúrò nílé, ó fẹ́ kó lọ nìyẹn. Mo bi í. Bhai, ìyẹn arákùnrin, ló máa ń pè mí.

"Bhai, Ọlọ́run ò lára. Ọrùn ta ni kí n fi òdòdó sí?"

Ẹnu ẹni tó fẹ́ sá lọ ni mo gbọ́ yẹn.

Ó ní àwọn kan ń tún ẹ̀sìn àwọn ṣe, pé ère ò sí nínú ìwé àtijọ́ àwọn. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Al Taawun ní Sharjah, òun lókè, èmi ní bedspace, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan tí mo háyà nínú yàrá èrò, nísàlẹ̀, mo bá ń ṣọ́ wọn. Èèyàn márùn-ún ló kọ́kọ́ ń wá sí pálọ̀ rẹ̀ ní Sọ́ńdè. Láàárín oṣù mẹ́ta, bàtà ti tò dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Mo yọjú wò wọ́n: wọ́n yí iná kékeré kan ká, wọ́n ń da bọ́tà yíyọ́ sí i, ìyàwó rẹ̀ ń kàwé, àwọn ọkùnrin ń gbọ́. Agbálẹ̀ kan láti Muhaisnah, níbi tí àwọn lébìrà ń gbé, tó jẹ́ pé ìta ṣọ́ọ̀bù ló ti ń mu tíì tẹ́lẹ̀, òun ló jókòó ti ọ̀gá lórí ẹní kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹun!

Ọ̀gá wo ló ń bá agbálẹ̀ jẹun lásán? Mo sọ fún oníbàárà mi kan lórí fóònù.

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n tó yìí, ẹ ṣì ń dúró? Ẹ kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀ jàre!"

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe wà nídìí iná, mo mú ọkọ̀ àti àwọn alábàárù wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣílẹ̀kùn, mo kó gbogbo ẹrù. Èyí tó kẹ́yìn ni mo ń so tí oníṣọ́ọ̀bù fi dé.

"Bhai, ṣé ẹrù rẹ sọ nù níbí rí?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé?"

"Ère rẹ ni. Mo rò pé o ń kó lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé ẹrù. "Mi ò lọ síbì kankan. Yalla, ó yá, kó ẹrù wọlé padà."

Àwọn alábàárù ń wò mí. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu fún wọn láti àárọ̀! Mo ní ooru ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń ba ẹrù jẹ́. Irọ́ ni. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Khalas, ó parí," ló sọ. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹní àti ìwé àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ ló kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Sharjah, níbi tí mo ti rí àyè tọ́jú ẹrù, ni mo ti ń kó o bọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí. Bí mo bá ń kọjá, ó ṣì máa ń pè mí sí tíì. Mo máa ń ní mo ń kánjú. Ó ti pé ọdún kan, kò tíì kó lọ. Àmọ́ mo ṣì ń wò ó.