Ológbò Mi àti Yanrìn Baba

Títí di òní, bí òórùn tùràrí bá ti gbá mi nímú, ológbò ni mo máa ń rántí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rò ó dé ibẹ̀.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ní Ṣakí, láyé ìgbà tí eruku pupa ṣì ń bá èèyàn wọlé láti títì. Okaka ni wọ́n ti gbé mi wá. Ìyá ọkọ mi ń ta èlùbọ́, àwọn oníṣòwò a máa ti ẹ̀bá bọ́dà wá rà á lọ́wọ́ wọn, yàrá kan nínú ilé sì kún fún àpò èlùbọ́ bámúbámú. Àwọn èkúté ibẹ̀ ti sanra bí òkété. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n kó ẹrù ìyàwó fún mi, wọ́n sì fi ológbò kan tó ní àmì funfun lórí imú lé e. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń lọ sílé ọkọ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni yìí á bá ọ ṣiṣẹ́." Bí a ṣe wọlé, baba ọkọ mi wo èmi, wọ́n wo agbọ̀n tó ń ké lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó kan la tọrọ, méjì ni wọ́n fún wa!"

Kò pẹ́ tí àwọn èkúté fi kó ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá, ìyá ọkọ mi, ní ológbò náà kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìta. Aládùúgbò wa ń sin adìẹ; òròmọdìẹ kan ṣoṣo tó bá sọnù, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Àwọn kan ń dẹ májèlé fún eku káàkiri. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣàìní àwọn tó jẹ́ pé ìṣasùn ọbẹ̀ ni ojú wọn máa ń wò bí ológbò bá ti sanra. Nítorí náà, inú ilé ni yóò máa jẹ, inú ilé ni yóò máa sùn, inú ilé náà ni yóò sì ti máa ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó bá jẹun gbọ́dọ̀ ṣe.

Ìyàwó tó mọ́ tónítóní ni mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé kó yínmú. Mo bu taàrá, òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà, sínú tíréè tánganran àtijọ́ kan, nítorí taàrá rọrùn láti fọ̀. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ ológbò náà, kí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lè wà lójú kan. Àràárọ̀ ni mò ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo máa ń wọ́n tùràrí inú ẹrù ìyàwó mi sí i. Tíréè náà ń ta sánsán ju èmi ìyàwó lọ. Ológbò ń fara dà á, kò kúkú rí ibòmíràn lọ.

Àfi bí ọkọ́ ṣe ṣá Baba lẹ́sẹ̀ lóko. Nọ́ọ̀sì di egbò náà, ó ní omi kò gbọdọ̀ kàn án. Baba kì í fi ìrun ṣeré. Wọ́n ní àwọn yóò máa ṣe tayámọ́mù, ìyẹn ni pé wọn yóò máa fọwọ́ lu iyẹ̀pẹ̀ mímọ́, kí wọ́n fi ra ojú àti ọwọ́ dípò àlùwàlá olómi. Èmi ìyàwó rere, mo gba odò lọ, mo bu yanrìn, mo sá a gbẹ, mo fi asẹ́ Ìyá sẹ́ ẹ títí ó fi kúnná bí èlùbọ́. Mo tẹ́ ẹ sínú àwo fífẹ̀ kan, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá Baba, níbi tó tutù, tó sì pa rọ́rọ́. Baba súre fún mi títí. N kò mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ilé náà ń súre fún mi pẹ̀lú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Baba jókòó, wọ́n ń múra ìrun Aláásárì. Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n fọwọ́ lu yanrìn. Ọwọ́ dúró síbẹ̀.

"Ìyàwó!"

Mo sáré wọlé, mo kúnlẹ̀. "Baba mi!"

"Kí lo sin sínú yanrìn yìí?"

"N kò sin nǹkan kan, Baba."

"Ẹnì kan ti sin nǹkan síbẹ̀. Wá gbóòórùn ọwọ́ mi."

Ìyá tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Baba kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ológbò rẹ ti fi ibẹ̀ ṣe ṣáláńgá."

Mo pààrọ̀ yanrìn, mo fi ọpọ́n dé e. Ológbò lọ sórí awọ àgbò tí Baba fi ń kírun. Mo ká awọ náà kọ́ ògiri, ó lọ sórí àpò èlùbọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá náà ti dẹ́kun ẹ̀rín, nítorí ta ni yóò ra èlùbọ́ tí ológbò tọ̀ sí? Mo nà án, ó sá pamọ́. Mo wá dá ọgbọ́n kan: mo fi kún tùràrí tíréè rẹ̀. Mo rò pé bí ó bá ṣe ń ta sánsán sí i ni yóò máa wù ú sí i.

Baba ní, "Bí àbúrò mi bá ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wá ná ọjà, kó mú un lọ sóko. Oko tóbi, kó lọ máa tọ̀ níbẹ̀."

N kò lè jiyàn, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú mi. Nínú gbogbo ilé náà, ológbò yẹn nìkan ló bá mi ti ọ̀dọ̀ ìyá mi wá. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ọjọ́ ọjà pé, mo ń gé ilá ní ilé ìdáná, mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ológbò mi. Ó wá sídìí tíréè rẹ̀. Ó na imú sí i, ó sín. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé taàrá, ó tètè gbé e kúrò, ó gbọn ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó tẹ iná. Ó yí padà, ó wọ yàrá Baba, mo sì tẹ̀lé e. Ó jókòó síwájú àwo yanrìn tí mo fi ọpọ́n dé, ó kọjú sí mi, ó sì ń ké.

Ìyá náà ti rí i. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé ìwọ lè ṣe gáá nínú ṣọ́ọ̀bù onílọ́fíńdà, kí òkúta máa gún ẹ lẹ́sẹ̀, kí àwo ọbẹ̀ rẹ sì wà níwájú rẹ?"

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ológbò ni mo dojú ọ̀pá kọ, n kò wo tíréè. Mo da taàrá nù. Mo fi omi gbígbóná lásán fọ tíréè títí òórùn fi tán lára rẹ̀, mo sá a sóòrùn. Mo bu yanrìn odò, mo sẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí mo ti sẹ́ ti Baba. Mo gbé e jìnnà sí oúnjẹ, sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀ sí. Gbogbo ibi tó ti tọ̀ sí ni mo fọ̀, kí òórùn ibẹ̀ má bàa tún pè é.

Ti Baba ńkọ́? Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ yanrìn mọ́. "Ẹ bá mi mú òkúta pẹlẹbẹ kan wá láti ẹsẹ̀ òkè. Òkúta náà tó fún tayámọ́mù. Kí n wá wo bí ológbò ṣe máa gbẹ́ ilẹ̀ nínú òkúta!"

Lọ́jọ́ ọjà, àbúrò Baba dé tòun ti àpò òfìfo. Kó tó mu omi tán, ológbò jáde láti ìdí àpò èlùbọ́. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn. Ó dé ibi awọ àgbò tí Baba tún ti tẹ́ sílẹ̀, ó dúró, ó na ara. Mo ń ka àdúrà tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀. Ó rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wa yanrìn, ó lóṣòó, ó wò wá bí ẹni pé ṣé a kò níṣẹ́ ni. Ó parí, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ fínnífínní.

"Alihamudulilai!" Baba ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ìyá ṣe àmín, wọ́n ń jó.

Àbúrò Baba wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé kò sí o? Ìgbẹ́ ológbò lẹ̀ ń jó sí?"

Ìyá bu èlùbọ́ sínú àpò rẹ̀, ohun tó gbé padà sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nìyẹn. Baba sì yíjú sí mi, ẹ̀rín kún ẹnu wọn: "Ìyàwó, sọ fún orogún rẹ pé kó jókòó ti ilé."

Baba ti lọ, Ìyá náà ti lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ra yanrìn ológbò tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, olóòórùn òdòdó, síbẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ni ológbò òun ń tọ̀ sí. "Màmá, èyí tó dáa jù ni mo rà o! Ó ń ta sánsán!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo bi í pé, "Ta ló ń ta sánsán fún?"

Òkúta Baba wà lórí fèrèsé mi bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ti ra á títí ó fi ń dán. Mo gbé e sún mọ́ imú. Kò rùn, kò ta sánsán. Òkúta lásán ni.