Igbá Ẹ̀yìn Ahun Tí Bàbá Ọkọ Mi Fi Ń Mu Àgbo

Tí mo bá gbóòórùn ẹran tó ti ń rà, bàbá ọkọ mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ayé ìjọba ológun ni mo ti Ṣakí wá wọlé ọkọ ní Àgọ́-Àrẹ, mo sì bá baba níbẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, tí wọ́n bá finá sígbó, á ṣa àwọn ahun tí iná ká mọ́ wálé. Á fi ẹ̀yìn wọn lélẹ̀, á sì máa fi àdá yẹ igbá kúrò lára wọn láàyè.

"Ahun kì í ké," ni yóò wí.

Ọ̀kan nínú àwọn igbá náà ló fi ń mu àgbo. Kì í jẹ́ ká fọ̀ ọ́. Ó ní omi á fọ agbára rẹ̀ lọ. Eṣinṣin kì í tán lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ikọ́ ń ṣe àkọ́bí mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Baba bu àgbo tútù sínú igbá yìí, ó gbé e sún mọ́ ẹnu ọmọ. Mo rí ìdin kan tó ń yí lójú omi náà.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un."

"Ẹ̀yin ará Ṣakí! Kí ni kì í rí yín lára? Jẹ́ ó mu ún, ìyàwó. Ara rẹ̀ á le bíi ti ahun."

Ìyàwó ilé kì í bá bàbá ọkọ jiyàn. Mo kúnlẹ̀. "Baba, tí ara rẹ̀ bá le bíi ti ahun, ṣé kò ní máa rìn bí ahun náà?"

Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ títí.

"Háà! O ò purọ́."

Ó gbé igbá náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu ún tán tòun ti ìdin. Mo gbé ọmọ mi, mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, mo sì bì.