Kọ́bọ̀ Mẹ́wàá Inú Agolo Bọ́tìnnì

Ìyàwó mi a máa sọ fún ẹni tó bá ráyè gbọ́ pé èmi ni mo sá tẹ̀lé òun, òun kò sá tẹ̀lé mi. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra wa sọ́nà, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, mò ń lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Kàdúná. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló wá sìn mí ní ibùdókọ̀, àfi òun. Ó ní òun ń bá ìyá òun ká aṣọ. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún mẹ́jọ tí mo ti gbé e níyàwó, ó ṣì ń fi aṣọ kíká yẹn ṣe fáàrí.

Aránṣọ ni. Agolo bisikíìtì kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń kó bọ́tìnnì sí. Ní Sátidé kan láàrin àwọn ọdún 1980, mò ń wá bọ́tìnnì tó bá ṣẹ́ẹ̀tì mi mu nínú rẹ̀, ni ọwọ́ mi bá kan kọ́bọ̀ mẹ́wàá kan. Ó fẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Níbi tí ọ̀pẹ wà lára rẹ̀, ọ̀pẹ mìíràn tún gba orí tàkọ́kọ́ kọjá, ó rì wọnú, nọ́ńbà 10 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn síwájú bí ìwé tí a ń wò nínú díńgí.

Mo ti ka ìwé kan nípa owó wẹ́wẹ́. Ìwé náà sọ pé òǹtẹ̀ méjì, tòkè àti tìsàlẹ̀, ló máa ń gbá irin pẹlẹbẹ mú láàrin kí ó tó di owó. Nígbà mìíràn, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ tán kò ní bọ́ sílẹ̀. Yóò lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀, èyí tó bá tẹ̀lé e yóò sì gba àwòrán rẹ̀ sára ní òdìkejì. Irú owó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn ń ra owó àtijọ́, ó sì ti sọ pé bí òun bá rí ojúlówó àṣìṣe, iye tí òun yóò san yóò ra fíríìjì. Mo ti rí fíríìjì náà ní igun pálọ̀ kí n tó dìde nílẹ̀.

Ìyàwó mi wo ọwọ́ mi. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.”

“Ṣé o mọ ohun tí èyí jẹ́?”

“Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni.”

“Àṣìṣe ni! Àṣìṣe láti ilé tí wọ́n ti ń tẹ owó!”

“Ẹ dá àṣìṣe náà padà sínú agolo mi.”

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ ìṣòro tó bá a lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ó bá sọ ibi tí owó náà ti wá, fáàrí rẹ̀ bàjẹ́. Bí ó bá dákẹ́, owó náà lọ sí Ìbàdàn. Ó gbìyànjú láti gba àárín méjèèjì.

“Ṣé ẹ ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò?” ó bi mí lórí oúnjẹ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ dán bọ̀rọ́. Ẹyẹ idì tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ku ju òjìji lọ. Mo ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ àwọn tó ti ná an ló pa á rẹ́.

“Ọwọ́ ta ni? Ṣé àwọn tó ń gbẹ́ ọlọ ló ná an ni?”

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Alhaji alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà ládùúgbò wa, torí pé ó ní ìwọ̀n kékeré. Ó fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá tirẹ̀ sí apá kan, ó fi tèmi sí apá kejì. Ìwọ̀n náà dúró gún régé.

“Tíṣà, kò sanra, kò rù. Nǹkan kan ló tẹ̀ ẹ́ tó fi fẹ̀.”

“Òrùka tó máa ń dì í mú létí ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú ìwé.”

“Ẹ̀yìn tó pa rẹ́ yìí ńkọ́?”

“Òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ti kú.”

“Ọ̀pẹ méjì ńkọ́?”

“Owó tó ṣáájú ló lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀ òkè.”

Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹnì kan lè sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé gbogbo ilé iṣẹ́ ló wá sùn lé kọ́bọ̀ mẹ́wàá yìí lórí?” Ó yí owó náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Ẹ wò ó. Òǹtẹ̀ méjì dà bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀: bí ọ̀kan bá ṣe ge nǹkan jẹ, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń ṣe. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti bàjẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní dán báyìí. Owó ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ bá pàdé. Irin lásán ni ẹ̀yìn rẹ̀ bá pàdé. Ibo lẹ ti rí i?”

“Nínú agolo ìyàwó mi.”

“Ẹ ò wá bi ìyàwó yín léèrè kẹ́ ẹ tó wá bá mi?” Ẹ̀rín pa á títí ó fi ń wúkọ́.

N kò béèrè. Ẹni tó ti ka ìwé kò ní lọ bi aránṣọ. Mo fi owó náà sínú àpòòwé, mo kọ àdírẹ́sì Ìbàdàn sí i, ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò bá mi mú un lọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo ti wọ bàtà tán nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

“Ẹ má gbé e lọ.”

“Ó dáa, sọ ìdí rẹ̀.”

Ó tẹrí ba, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́ tí òwú ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. “Ọkọ̀ ojú irin ló tẹ̀ ẹ́.”

“Ọkọ̀ ojú irin wo?”

“Èyí tó gbé yín lọ Kàdúná.”

Àwọn ọmọbìnrin tí ilé wọn wà létí ojú irin ní àṣà kan. Bí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọn a gbé owó méjì léra lórí irin níwájú ọkọ̀. Bí méjèèjì bá ṣì wà pa pọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ kọjá, onítọ̀hún yóò padà wá. Lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ti fi gèlè ìyá rẹ̀ bojú, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ẹrù tó wà ní ibùdókọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ọ̀kan ló rí. Èkejì ti fò sáàrin òkúta, ó sì wá a títí òṣìṣẹ́ kan fi lé e.

“Nítorí náà, o wá sìn mí.”

“Èmi ò wá sìn yín o. Owó mi ni mo wá gbé sílẹ̀.”

“Lọ́jọ́ tí mò ń lọ?”

“Ọkọ̀ mìíràn kò sí lọ́jọ́ náà.”

“Nínú àwa méjèèjì, ta ló fò lọ?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ kì í fara balẹ̀.”

Ẹ̀rín ló mú kí n pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ó tó di ọ̀sán, Alhaji ti gbọ́, ìyàwó mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Owó náà padà sínú agolo. Owó oṣù la fi ra fíríìjì nígbẹ̀yìn, òun gan-an ló sì ní àṣìṣe láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ó ṣáájú mi lọ láàrin àwọn ọdún 1990. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń pín ẹrù, agolo bọ́tìnnì ni mo tọrọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo rìn lọ sí ojú irin Ọ̀fà, mo gba ẹ̀yìn ilé ẹrù. Ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, koríko ti bo ibẹ̀. Mo ń fi ọ̀pá yí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí òṣìṣẹ́ ojú irin kan dé bá mi.

“Bàbá, kí lẹ ń wá?”

“Kọ́bọ̀ mẹ́wàá.”

Ó wò mí láti orí dé bàtà. Nígbà yẹn, kọ́bọ̀ mẹ́wàá kò lè ra ẹyọ ìṣáná kan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fún mi ní náírà márùn-ún.

“Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ fi jẹun.”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ṣàdúrà fún un. Kí n tó fi í sápò, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.