Bàbá Ntuli àti Oríkì Àgbáǹréré

Ọjọ́ tí Bàbá Mbangiseni Ntuli, tó ń bá wa ṣiṣẹ́, bi òyìnbó kan lójú gbogbo ayé pé, “Ṣé o ti kú?”, a ò ní gbàgbé ẹ̀ láé ní ilé ìtọ́jú àgbáǹréré wa lẹ́bàá Hlabisa nílẹ̀ Zulu. Pieter ni wọ́n ń pe òyìnbó náà, ará Holland ni. Ó wà lára àwọn olùtọrẹ tí owó wọn ń ra oògùn àti koríko fún àgbáǹréré kan tí àwọn ọdẹ olè gé ìwo kúrò lójú ẹ̀. Àwọn tó ń gba owó náà ti ṣèlérí fún wọn pé ẹni tó bá ti tọrẹ lè sọ ẹranko náà lórúkọ tó wù ú. Pieter bá fi orúkọ ara ẹ̀ sọ ọ́. Abo sì ni ẹranko náà o!

Bàbá Ntuli na ọ̀pá, ó fi dí ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ọ̀gá Shabangu, alákòóso wa tó máa ń túmọ̀ èdè fún àwọn àlejò, kọ́kọ́ kọ̀, kò fẹ́ túmọ̀ ìbéèrè náà. Bàbá ní àfi dandan. Nígbà tó túmọ̀ ẹ̀ tán, Pieter wo ara ẹ̀ látòkè délẹ̀.

“Rárá o, mi ò tíì kú.”

“Kò burú. Tó o bá kú tán, kó o padà wá. Alààyè kì í wọnú oríkì.”

Òógùn bo Shabangu. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò wa ni!”

Pieter ní tiẹ̀ ò bínú. Ó ronú díẹ̀, ó ní bàbá bàbá òun ti kú, ṣé ìyẹn lè ṣe é? Gerrit lorúkọ ẹ̀, àgbẹ̀ ni, ó máa ń sin màlúù nígbà ayé ẹ̀.

“Ó sin màlúù!” Bàbá gbé ọ̀pá kúrò. “O ò bá ti tètè sọ ọ́. Wọlé, ọmọ Gerrit.”

Ẹ má rò pé orí Bàbá ló dà rú. Tiwa lorí dà rú. Láàárín àwa Zulu, èèyàn kì í já wọ agbo ilé ẹlòmíì bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu géètì lèèyàn ti máa dúró, á máa ki onílé ní oríkì ìran ẹ̀, orúkọ àwọn baba tó ti lọ, títí wọ́n á fi dáhùn. Ntuli ni Bàbá, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ tó pè é ní “Mphemba!”, oríkì ìran Ntuli, ti gba àga àti wàrà kíkan. Ó wá wo àgbáǹréré yìí, ó rí i pé gbogbo èèyàn ló kàn ń já wọlé tọ̀ ọ́, tabẹ́rẹ́ tabẹ́rẹ́. Ó ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, pé àwọn tó gé ìwo ẹ̀ náà ò kan ilẹ̀kùn.

Àmọ́ oríkì wo lèèyàn ń ki àgbáǹréré? Ó lọ bá Dókítà Zibuyile, obìnrin tó ń tọ́jú ọgbẹ́ náà.

“Dókítà, ìran wo lọmọ yìí ti wá?”

“Ẹranko ni, Bàbá. Kò níran.”

“Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló ń bọ́ ọ?”

“Àwọn olùtọrẹ ni.”

“Àwọn baba tiwọn ni baba tiẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ bùṣe.”

Ọ̀rọ̀ ò bùṣe rárá. Látọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Shabangu lẹ́nu pé kó bá òun béèrè orúkọ òkú lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń fowó ránṣẹ́. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mi ò mọ bí Shabangu ṣe béèrè ẹ̀, àmọ́ orúkọ ń wọlé. Obìnrin kan fi ti ajá ẹ̀ tó kú ránṣẹ́. Bàbá fi gbogbo àárọ̀ ro ti ajá yẹn, ó béèrè bóyá ajá ọdẹ ni, wọ́n ní ajá orí àga ni, ó ní kò lè wọlé.

Ohun tó ń já wa láyà nìyí. Àáké ni wọ́n fi gé ìwo náà dé eegun. Ojú rẹ̀ dá lu débi pé a ń rí èémí ẹ̀ tó ń hó nínú ọgbẹ́. Dókítà rán awọ tó nípọn bo ojú ọgbẹ́ náà kí eṣinṣin àti iyẹ̀pẹ̀ má baà wọ̀ ọ́, àmọ́ ṣe ni àgbáǹréré á fi ojú ha igi ọgbà, awọ á já. Wọ́n á tún fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á tún un rán.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá kí i, ohùn tí wọ́n fi ń kí àna tó wà lórí òkè ní òdìkejì odò ló lò. Ó gbóhùn sókè, “Gerrit! Willem! Joost!” Ẹranko tí ojú ẹ̀ wú, tí kò ríran dáadáa, fò sókè, ó sáré lu igi, awọ já wálẹ̀.

“Bàbá!” Dókítà fọwọ́ lérí. “Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?”

Ó tún un rán lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ṣe tán, ó kó gbogbo wa jọ. “Ọkàn ẹ̀ ò lè gba abẹ́rẹ́ oorun mọ́. Tí awọ yìí bá tún já, ó ti kú nìyẹn.”

Bàbá Ntuli ò jẹun. MaKhoza, ìyàwó ẹ̀, gbé phuthu, oúnjẹ àgbàdo, wá bá a lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ Bàbá kàn ń wò ó ni. “Èmi ni mo fọ́lẹ̀kùn wọlé ẹ̀,” ló ń wí. Àánú ẹ̀ ṣe wá, bẹ́ẹ̀ inú sì ń bí wa sí i.

Ṣé ó wá jáwọ́? Kàkà kó jáwọ́, ó dín ohùn kù. Ó ń wá dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń sọ oríkì wúyẹ́wúyẹ́. MaKhoza ní, “Ẹ wo ọkùnrin Ntuli tó ń kí àna ẹ̀ bí olè!”

Bó ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn tí Màmá Hanneke fi dé, arúgbó ará Holland tó tọrẹ nítorí ọkọ ẹ̀ tó kú. Ó dúró ti Bàbá, kò gbọ́ Zulu, àmọ́ ó gbọ́ “Joost”, orúkọ ọkọ ẹ̀. Ó di igi ọgbà mú, ó bú sẹ́kún.

Ìdààmú bá Bàbá. “Kí ló ṣe é? Ṣé mo pè é sódì ni?”

Shabangu bi í, ó túmọ̀ ẹ̀. “Ó ní àwọn ọmọ òun kì í pe orúkọ bàbá wọn lójú òun mọ́, kóun má baà sunkún.”

“Háà! Òkú tí wọn ò pè, báwo ló ṣe máa mọ̀nà ilé?” Bàbá fà á lọ́wọ́ sún mọ́ ọgbà. “Màmá, ẹ pè é. Jẹ́jẹ́ o.”

Màmá Hanneke pè é. Àgbáǹréré gbórí sókè, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn tààrà, ó gbé ojú sún mọ́ igi. Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Ẹranko náà yí orí, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọrùn ha igi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fọn imú, ó padà sídìí koríko ẹ̀. Awọ ò já.

“Ó dáhùn,” ni Bàbá wí.

“Ọrùn ló ń yún un,” ni Dókítà wí, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Wọ́n ja iyàn yẹn títí. Ta ló jàre? Ẹ má bi mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé awọ dúró, ọgbẹ́ jinná, wọ́n sì dá a padà sínú igbó. Bàbá ò bá wọn lọ lọ́jọ́ náà, ó ní òun níṣẹ́. A bá a nínú ilé tí a ń kó koríko sí, ojú ẹ̀ pọ́n, ó ní eruku ni. Eruku kọ́, ẹ jàre.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni Bàbá kú, wọ́n sin ín sínú agbo ilé ẹ̀. Nígbà tí òjò wá bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó rí àgbáǹréré náà, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Èmi àti Dókítà la lọ sọ fún MaKhoza. Kò jẹ́ ká jókòó, ó kó wa lọ síbi sàréè.

“Bàbá,” ó ní, “ó ti bímọ o. Abo ni, ara tìyá tọmọ le. Ẹ má bi mí pé ta ni bàbá ọmọ, a ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀, ẹ bá wa wádìí ẹ̀.”

Dókítà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, ló bá ń sunkún. MaKhoza dúró tì í díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. Ó ní ilé ti dákẹ́ jù, pé kò sẹ́ni tó ń bá òun jiyàn mọ́.