Ìbọn Onídìí Wíwọ́ ti Bàbá Alwyn

Wọ́n ní Bàbá Alwyn Kupke yọ ìbọn sí ọkọ ọmọ wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta epo ọkọ̀, ìbọn ti dún. Nígbà tó fi di ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní Garth, ọkọ ọmọ náà, ti kú sí ọsibítù ní Adelaide, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló dúró lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń yan sọ́séèjì fún àwọn tó ń sọ ọ́.

Mo wà nínú ilé ìdáná Bàbá nígbà tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo ń fi ọkọ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán kiri ilé àwọn àgbàlagbà ní Warrabee, ìlú kékeré wa, ilé Bàbá Alwyn ni mo sì máa ń parí sí, torí wọ́n mọ tíì í sè. Bó ṣe rí nìyí.

Ojú kan ni Bàbá ní, ìkejì, gíláàsì ni. Wáyà ọgbà àgùntàn ló já nígbà tí wọ́n ń fà á le, tó gba ojú ọ̀tún lọ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni wọ́n fi ń yìnbọn. Ẹni tó gbé ìbọn lé èjìká ọ̀tún, ojú ọ̀tún ló fi ń wo ẹnu ìbọn náà; ojú òsì ò lè débẹ̀ àfi tí ọrùn bá fẹ́ kán. Bàbá tó bí wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú ìbọn ọmọ rẹ̀, ó ń da òróró gbígbóná sí ìdí rẹ̀, igi tí wọ́n ń gbé lé èjìká, títí igi náà fi rọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí wà ní èjìká ọ̀tún, ẹnu ìbọn wà níwájú ojú òsì. Ọmọ náà tún ń pa ehoro.

Ibẹ̀ ni ìbọn kíkójọ ti wọ̀ wọ́n lára. Kì í ṣe olówó gọbọi, kì í ṣe ti ogun. Èyí tí wọ́n ṣe fún ara ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá kiri. Ọ̀kan jẹ́ ti ọlọ́wọ́ òsì, gbogbo irin rẹ̀ ló wà lódì. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkùnrin tí ò lápá òsì, ó ní ìkọ́ tí á fi há ìgbànú. Tí mo bá gbé oúnjẹ dé, wọ́n á gbé ọ̀kan síwájú mi.

"Verna, irú ẹni wo ló ni èyí?"

"Ẹni tó sanra. Wo bí wọ́n ṣe gé ìdí rẹ̀ sẹ́yìn."

"Kò sanra. Obìnrin ni, ní Kimba. Àyà tó o gbé wá síbí yìí lòun náà ní."

Bí wọ́n ṣe ń bá mi ṣeré nìyẹn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìpẹtà mú irin ìbọn onídìí wíwọ́ náà. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, wọ́n ní kí Garth bá wọn nù ún. Garth ní ìwé àṣẹ tiẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn, ó sì mọ iṣẹ́ igi. Ọmọ Whyalla ni, Bàbá ò yìnbọn mọ́ nígbà tó wá fẹ́ Leonie ọmọ wọn, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ ojú tó fọ́. Ó wo ìdí ìbọn, ó ní ooru inú ṣẹ́ẹ̀dì ló ká a. Kò purọ́, ooru wa ti ká ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ó da òróró gbígbóná sí i, ó tọ́ ọ, ó gbé e wá bá Bàbá ní ilé ìdáná lọ́jọ́ ìbí wọn.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ó ti tọ́ bíi rúlà."

Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló ní kó o tọ́ ọ?"

"Ó ti wọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé ó wọ́."

Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Irin tí ń ti ọta wọlé pàápàá wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. "Ojú tó wà lẹ́yìn ìbọn yìí báyìí, Garth, gíláàsì ni. Kàlẹ́ńdà dà? Mi ò rí i."

Garth, tó dúró lẹ́bàá kàlẹ́ńdà, rí àṣìṣe rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ìgbà yẹn gan-an ni obìnrin tuntun tó ń pín lẹ́tà yọjú ní géètì. Láti ibi tó dúró, kàlẹ́ńdà ò hàn lójú fèrèsé. Ìbọn ló rí, àti ọkùnrin tó kówọ́ lérí.

Kí tíì wa tó tutù, Farrugia ọlọ́pàá ti dé. "Òfin ni, Alwyn. Gbogbo ìbọn ni mo máa kó."

"Kó wọn. Rọra gbé ti obìnrin Kimba."

Tí ẹjọ́ náà bá lọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìwé àṣẹ Bàbá á lọ, wọ́n á sì yọ́ àwọn ìbọn náà nínú iná. Kò sí èyí tí a tún lè ṣe irú rẹ̀, torí àwọn tó ni ara yẹn ti kú.

Mo ti sọ ohun tí mo rí fún Farrugia, ó ní ẹnu Garth lòun fẹ́ ti gbọ́ ọ. Mo bá Garth lẹ́yìn sọ́séèjì rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà.

"Wọ́n ní o ti kú."

"Mo gbọ́."

"Kí lo sọ fún Farrugia?"

"Pé aáwọ̀ kékeré ni."

"Aáwọ̀? O ti bá wọn yọ́ àwọn ìbọn náà tán nìyẹn."

"Verna, tí mo bá sọ pé mo tọ́ ìbọn tí wọ́n dìídì wọ́, àwọn ẹgbẹ́ mi á fi mí ṣẹ̀sín títí wọ́n á fi sin mí."

"Wọ́n ti sin ẹ́. Lọ sọ ọ́."

Ó yí sọ́séèjì tó kù, ó pa iná, ó lọ. Farrugia kó àwọn ìbọn padà fúnra rẹ̀, ti obìnrin Kimba ló sì kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Rúlà ni ẹgbẹ́ ayìnbọn ń pe Garth di òní.

Garth bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ìrọ̀lẹ́ láti tún ìdí ìbọn náà wọ́. Bàbá á jókòó sórí àga nínú ṣẹ́ẹ̀dì, Garth á da òróró, á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á gbé e sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, á tún gbà á. Kò béèrè nǹkan kan àfi, "Ẹ rí i?" Bàbá á ní, "Rárá."

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbé kéèkì àgbọn lọ. Garth ti lọ sílé. Ìbọn náà wà léjìká wọn, orí wọn dúró ṣánṣán, wọ́n ń wo kàlẹ́ńdà.

"Ó ti wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀?" ni mo bi wọ́n.

"Rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni bàbá mi wọ́ ọ fún, Verna. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ ọrùn mi bá a. Èyí tí Garth ṣe yìí, ojú mi tòní ló bá mu. Má tíì sọ fún un pé mo ti ń rí kàlẹ́ńdà. Jẹ́ kó tún wá lọ́la."